IGI, OMI ÀTI ÀÀYÈ NÍDÌÍ INÁ

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan láti Iléṣà sọ níbi ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Òṣogbo)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ìjọ kékeré ṣe lè ran ìlú lọ́wọ́ nípa oúnjẹ àti àlejò ṣíṣe. Èmi kì í ṣe oníwàásù. Akápò ni mí nínú ẹgbẹ́ wa, ohun tí ojú mi rí ni mo lè sọ.

Ìjọ tí mò ń lọ kò ju ogójì ènìyàn lọ. Ilé ìsìn wa kò jìnnà sí ilé ìwòsàn Wesley Guild, èyí tí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà, tó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń rí nílẹ̀ wa: bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹni méjì mẹ́ta ni yóò wà lóde tí yóò máa wá ohun tí yóò jẹ. Ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, ará Ẹ̀sà-Òkè wà níbẹ̀, ará Ìmẹ̀sí-Ilé náà. Owó tó bá wà lọ́wọ́ wọn, oògùn ló ń bá lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ìyá àgbà kan yà sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí fún ọmọ rẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ wa rò pé oúnjẹ ló fẹ́ tọrọ. Ìyá náà ní rárá o, òun ní èlùbọ́ nínú àpò, òun ní ata gígún, iná lòun ń wá.

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣírò owó tí a ó fi bọ́ èrò, owó náà kò sì pé rí. A wá ṣe ààrò mẹ́ta sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé ìsìn, a ra ìkòkò ńlá méjì àti dúrọ́ọ̀mù omi kan. Ẹni tó ní oko ń mú iṣu wá, ẹni tó ní igi ń mú igi wá, ẹni tí kò ní nǹkan kan ń fọ ìkòkò. Àlejò tó bá ní oúnjẹ lọ́wọ́ yóò se tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, ìkòkò ẹ̀wà ń bẹ lórí iná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀wà yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1957, dókítà David Morley, tó ń bá ilé ìwòsàn Wesley Guild yìí kan náà ṣiṣẹ́, dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn àwọn ọmọ, wọ́n ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń tọ́jú káàdì náà sílé, kí ó lè tètè rí i bí ọmọ bá ti ń rù. Káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé yẹn tàn kárí ayé lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ mímu nìkan kò gbé ọmọ dúró. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹyin ní láti bá a rìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń se ẹ̀wà, yàtọ̀ sí pé ó ń yó ni.

Kì í ṣe òní ni Iléṣà ti ń gbà èrò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìsọjí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní oṣù Keje ọdún 1930, ìjọ Faith Tabernacle tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìjọ ńlá, ṣùgbọ́n èrò ń wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn òpìtàn ka àwọn tí ara wọn yá fún wa. Ó wù mí kí wọ́n ka àwọn tó gún iyán pẹ̀lú.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a ní kí àwọn àlejò wa dìde kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún wọn. A rò pé ọ̀yàyà ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìkòkò kún, ènìyàn mẹ́ta péré ló wá. Ọ̀kan nínú wọn ló là á yé wa pé ìtìjú ni a fi bọ́ àwọn. Láti ìgbà náà, a kì í bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ, a kì í sì í béèrè ibi tó ti ń jọ́sìn. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Bí a bá fẹ́ pa ẹran, aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Mùsùlùmí la ń pè kó wá dúńbú rẹ̀, kí gbogbo èrò lè jẹ ẹ́. Nígbà ààwẹ̀, iná ń wà ní ìdájí fún sààrì. Àwọn kan nínú ìjọ kùn sí èyí, mi ò ní purọ́.

Ìjà tún dé. Wọ́n ní kẹ́ẹ̀gì epo kan sọnù, obìnrin tó ń se oúnjẹ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fura sí. Ó ti sunkún tán kí ó tó yé wa pé a ti fi epo náà se oúnjẹ, a kò kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Mo bá mú àṣà ẹgbẹ́ wa lọ síbẹ̀: ìwé kan, ohun tó wọlé lápá kan, ohun tó jáde lápá kejì, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún fura sí ẹlòmíràn.

Kí n tó dìde, bàbá kan láti Òṣogbo níbí bi mí léèrè: ṣé owó tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ dá ni kí a wá kó fún ṣọ́ọ̀ṣì? Bàbá, ìbéèrè gidi ni, ẹ ṣeun. Rárá ni èsì mi. Ẹ má kó owó fún wọn, ẹ má sì yá wọn lówó. Ìjọ tó bá yáwó ṣe àlejò, ọrùn àwọn ọmọ ìjọ ni gbèsè náà yóò wà. Àwọn ènìyàn 28 tó dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé ìtajà wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 1844. Ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Títa oúnjẹ ní iye tó tọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní ọdún 1995, àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àgbáyé sì fi ìtọ́jú àdúgbò kún ìlànà wa.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ìdí iná yìí máa ra ẹ̀wà àti èlùbọ́ lọ́wọ́ wa ní iye tí ọmọ ẹgbẹ́ ń rà á. Kí ẹni tó ń yẹ ìwé owó wa wò máa bá wọn yẹ tiwọn wò lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta. Bí mọ́ṣáláṣí kan bá dá irú rẹ̀ sílẹ̀, kí á ṣe bákan náà fún wọn.

Alága, mo fi í sílẹ̀ fún ìpàdé. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi níbí, ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó máa bọ̀. Igi gbígbẹ ni wọ́n ń wá jù báyìí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, èéfín igi tútù kò sì dára fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun.