Níbo Ni Kí A Kó Àwọn Ọ̀dọ́langba Wa Lọ Ní Àkókò Ìsinmi?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn. Báwo ni ìdílé tí ó ní ọmọ ọ̀dọ́langba ṣe lè yan ibi tí wọn yóò ti lo ìsinmi, kí ìrìn-àjò náà sì jẹ́ àrà ọ̀tọ̀ tí tọmọ tòbí kò ní gbàgbé? Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá eré.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó pé ọdún 13 lónìí, bí ó bá wọ yunifásítì ní ọdún 17, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ mélòó ni ó kù tí yóò lò lábẹ́ òrùlé àwọn òbí rẹ̀? Mẹ́rin péré ni. Ẹ yọ èyí tí yóò fi múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC àti ti JAMB kúrò, mẹ́ta ni ó kù. Lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ gíga yóò gbà á lọ́wọ́ wa, iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ yóò tẹ̀ lé e, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àti ilé ọkọ tàbí ti aya yóò sì gba ìyókù. Nítorí náà, ẹni tí ó ń yan ibi ìsinmi fún ọ̀dọ́langba, àkókò tí kò ní padà mọ́ ni ó ń ná.

Ọ̀nà méjì ni mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà yan ibi tí a ń lọ. Ọ̀nà kìíní ni ti bàbá tàbí ìyá tí ó dá pinnu. Wọn á ti kó ẹrù sínú ọkọ̀ tán kí ọmọ tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí ọmọ wà ní ọdún mẹ́fà, èyí kò burú, nítorí pé ibikíbi tí ìyá rẹ̀ bá wà ni ọ̀run rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 ti ní ojú tí ó fi ń wo ayé. Bí a bá gbé e bí ẹrù, bí ẹrù náà ni yóò ṣe jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, yóò ki okùn fóònù bọ etí méjèèjì, a ó sì máa bínú pé ó ya aláìmoore.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn òbí tí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ohun tí ọmọ bá rí lórí fóònù ni yóò béèrè: Dubai, Lọ́ńdọ̀nù, tàbí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan létí òkun. Bí agbára bá gbé e, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni ó gbé irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ láìjẹ gbèsè? Àwọn tí ó tilẹ̀ gbé e ń ròyìn pé nígbà tí wọ́n débẹ̀, olúkúlùkù dojú kọ fóònù tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé.

Àwọn baba wa ní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú òwe yìí ni mo ti rí ọ̀nà kẹta. Àwọn nǹkan mẹ́ta kan wà tí òbí kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ fún ọmọ: iye owó tí a lè ná, iye ọjọ́ tí a lè lò, àti ààbò wa lójú ọ̀nà. Kí òbí sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àwọn ọmọ ní gbangba, kí ó má fi iye owó pamọ́. Ọ̀dọ́langba tí a bá sọ iye tí a ní fún kò ní béèrè ohun tí a kò ní. Ẹni tí a kò sọ fún ni ó ń rò pé ahun ni a ń ṣe. Láàárín ààlà mẹ́ta yìí, kí a wá jẹ́ kí àwọn ọmọ mú orúkọ ibi wá, kí wọ́n sì rojọ́ lórí ohun tí wọ́n mú wá.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí gbogbo ìdílé fi wọn ibi tí wọ́n bá dárúkọ. Kí a má béèrè pé, "Ṣé ibẹ̀ rẹwà?" Kí a béèrè pé, "Kí ni ọmọ yìí yóò ṣe níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí kò bá sí òun, ìrìn-àjò wa kò ní lọ déédéé?" Ọmọ kékeré ń fẹ́ kí a dá òun lára yá. Ọ̀dọ́langba ń fẹ́ kí a nílò òun, bí kò tilẹ̀ ní fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè náà wo àwọn ibi tí ó wà nítòsí wa. Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 kí ènìyàn tó dé ìlú àtijọ́ tí ó wà lókè, níbi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di nǹkan bí ọdún 1928 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn yẹn, ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 16 ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Òun ni yóò ru omi, òun ni yóò ṣíwájú, òun ni yóò sì dúró de àgbà. Bákan náà ni omi tí ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjèṣà, tí ó ní ìpele méje. Ọmọ tí ó fẹ́ràn àwòrán yíyà àti ère gbígbẹ́ yóò rí iṣẹ́ ṣe nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà ni wọ́n jọ mọ àwọn ère ibẹ̀. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ afinimọ̀nà ìdílé ní ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí ó bá ti ka ìwé nípa rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo fẹ́ dábàá fún yín ní pàtàkì, tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í ronú kàn. Ibẹ̀ ni Kétu, ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ ó ní, kí ló dé tí ó fi jẹ́ Kétu? Ọ̀kan nínú àwọn ìlú ọlọ́ba àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì pa á run ní ọdún 1886, a sì tún un tẹ̀ dó ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fẹnu kò lórí ààlà ilẹ̀ tí wọ́n ń pín, Kétu sì bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Láti ìgbà náà ni ọmọ Kétu ti ń fi èdè Faransé kàwé, tí ọmọ Abẹ́òkúta ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Alákétu ṣì wà lórí ìtẹ́, àwọn ènìyàn sì ń lọ wo ẹnu ibodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdẹ̀nà. Ilẹ̀ Kétu ni ìtàn sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, èyí tí UNESCO bu ọlá fún ní ọdún 2001. Orúkọ ìlú yìí kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ẹ̀sìn Candomblé ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brasil, ń jẹ́ títí di òní.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ìdí tí mo fi dárúkọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro ìdílé kan: bàbá, ìyá, ọmọkùnrin ọdún 16, ọmọbìnrin ọdún 13. Nílé wọn, òbí ń fi Yorùbá pe ọmọ, ọmọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Gbogbo wa ni a mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò kórìíra èdè rẹ̀ o. Kò tíì bá ara rẹ̀ ní ibi tí èdè náà ti wúlò fún un ju Gẹ̀ẹ́sì lọ ni. Àwa olùkọ́ ń sọ fún un ní kíláàsì pé èdè abínibí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó ń rí ní ìgboro ń sọ ohun mìíràn fún un.

Ẹ wá mú ọmọkùnrin yìí dé ọjà Kétu. Ó fẹ́ ra omi. Ó sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí ń ta omi wò ó láìgbọ́. Ọmọ náà sọ Faransé, tiwa náà kò gbọ́. Èdè kan ṣoṣo ni ó kù láàárín àwọn méjèèjì, òun sì ni èdè tí ó ti ń sá fún nílé. Bí ó bá ní òun ń wá "bọ́ọ̀sì", wọ́n lè má mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí àwa yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ Faransé ni àwọn ti lọ yá tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní "ọkọ̀", ọ̀rọ̀ ti yé ara wọn. Ọ̀rọ̀ àyálò ni yóò há sí ẹnu ibodè. Ọ̀rọ̀ baba ńlá wa ni yóò kọjá láìbéèrè ìwé ìrìnnà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin náà yóò rí ohun tí yóò yà á lẹ́nu. Bí ó bá rí ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ lọ́hùn-ún, yóò rí i pé ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ níbi tí àwa ti ń fi àmì sí abẹ́ ẹ àti ọ, pé sh dúró fún ṣ, kp sì dúró fún p. Ẹ̀ka èdè wọn náà yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ẹ̀gbá. Ọmọ tí etí rẹ̀ mú ni yóò máa túmọ̀ fún àwọn òbí. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè wa ti rí ìdáhùn: láìsí àwọn ọmọ, ìrìn-àjò náà kò lè lọ déédéé.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn wà fún wọn pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá ti Èkó lọ, ó lè gba Sẹ̀mẹ̀ dé Àjàṣẹ́, tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, kí ó wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí a kọ́ bí ilé àwọn Àgùdà tí ó ti Brasil dé. Lẹ́yìn náà, kí ó gba Ṣákẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu. Kí ọmọ kan ya àwòrán ọ̀nà, kí ó mọ ìlú tí ó tẹ̀ lé ìlú. Kí èkejì jẹ́ akápò: kí ó máa ṣírò náírà sí owó sẹ́fà, kí ó kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀, kí ó sì ní àṣẹ láti sọ fún bàbá pé, "Dádì, owó oúnjẹ òní ti tán."

Ti ààbò wá ńkọ́? Àdéhùn tí àjọ ECOWAS ṣe ní ọdún 1979 gbà wá láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n kò ní kí a lọ lọ́wọ́ òfo. Kí olúkúlùkù ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀, kí ó sì ní yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Kí a rìn ní ojú ọ̀sán. Kí a béèrè ipò tí ẹnu ibodè wà kí a tó gbéra, nítorí pé ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n sì tó ṣí ti Sẹ̀mẹ̀ padà. Bí ìwádìí bá fi hàn pé ọ̀nà kò dára, kí a yí ètò padà láìjanpata. Òkè Ìdànrè kò ní sá lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ọmọ tèmi kò gbọ́ Yorùbá rárá, ojú ni yóò tì í." Èsì mi ni pé kò sí ẹni tí ó ń fi ọmọ tí ń kọ́ èdè ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwa ará ilé rẹ̀. Àlejò tí ó gbìyànjú láti kí oníṣòwò ní èdè rẹ̀, ẹ̀rín ayọ̀ ni oníṣòwò ń rín sí i. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà fún òbí, pàápàá fún àwa tí a jẹ́ olùkọ́: ẹ má sọ ìsinmi di kíláàsì. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jẹ́ kí ọjà tún un ṣe fún un. Bí bàbá bá ń fò mọ́ ọn lẹ́nu ní gbogbo ìgbà, yóò tún padà sí inú fóònù rẹ̀, ẹjọ́ kì yóò sì jẹ́ tirẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní owó òun kò tó Kétu, kò tó Ìdànrè pàápàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dí yín lọ́wọ́. Ìlú ìyá ọmọ náà lè wà ní ìrìn wákàtí kan sí ilé yín, kí ó má sì tíì mọ ojú ẹnì kan níbẹ̀. Kí ó lọ fi ẹ̀rọ gba ohùn ìyá ìyá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ oríkì ìdílé náà jáde, kí ó bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe ọdún nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Èyí tí kò dé oko ìyá tirẹ̀ ńkọ́, kí ni yóò fi wé ti ẹlòmíràn?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ó di òbí láìpẹ́, ohun tí mo bẹ̀ yín sí kò le. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kan, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó. Ẹ sọ iye owó, ẹ sọ iye ọjọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ kò lè gbà nípa ààbò. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ.