Àpápá, Ajégúnlẹ̀ àti Ààlà Tó Wà Láàárín Wọn
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àtúnṣe àdúgbò wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó bà á jẹ́.

Ní 1926 ni ìjọba òyìnbó ṣí èbúté Àpápá. Nígbà tó yá, LEDB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó tò, dí irà Àpápá, ó la títì, ó sì pín ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ńlá àti fún àwọn ọ̀gá. Àwọn tó ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń sùn: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá.

Ní 1954, Èkó di ti ìjọba àpapọ̀. Àpápá bọ́ sínú, Ajégúnlẹ̀ ṣẹ́kù sọ́wọ́ Ìwọ̀ Oòrùn, títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ẹ rántí Boundary. Orúkọ yẹn ti sọ tẹnu ẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, oníkálukú ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ó kọ́ face-me-I-face-you, kò sẹ́ni tó la gọ́tà. Ẹni tó bá ní ìwà ọ̀bùn ló ń jẹ́ kí omi wọlé wa, ẹ ní kó lọ wo ojú ààlà.

Àtúnṣe dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo Badia, aládùúgbò wa. Ní 1973 wọ́n kó àwọn èèyàn kúrò ní Olúwọlé nítorí National Theatre, wọ́n ní kí wọ́n lọ sí Badia. Ní 2006, Badia àti Ajégúnlẹ̀ wà lára àdúgbò mẹ́sàn-án tí wọ́n fẹ́ fi owó Báńkì Àgbáyé tún ṣe. Ní February 2013, katakata ló dé sí Badia East.

Ẹ̀yin lọ́yà àti awọnlẹ̀ inú wa, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ jẹ́ ká ya Sátidé kan sọ́tọ̀, ká bá àwọn òbí wa tó rìsíìtì ilẹ̀ àti sọ́fè wọn. Ayálégbé tí kò ní ìwé kankan, ká kọ orúkọ òun náà sílẹ̀. Bí ìjọba bá mú pùláànù dé, ká lè bi wọ́n pé: níbo lẹ kọ ọ́ sí pé àwọn wọ̀nyí máa sùn?

Ajé tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa kò ní ṣí lọ o.