Àkàbà Kan Náà Ni Kí Àwọn Ọmọ Wa Gùn
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní Ilé-Ifẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan olúkúlùkù ẹni tí ó ní ọmọ ní ilé-ìwé. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ta kòkó rẹ̀ tán, tí ó sì ya owó ilé-ìwé sọ́tọ̀, ìbéèrè kan a máa dojú kọ ọ́: ṣé yunifásítì ni kí ọmọ yìí lọ, àbí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, àbí kí ó lọ kọ́ iṣẹ́-ọwọ́? Ní ìlú wa yìí, ojú wa kò ṣàjèjì sí yunifásítì. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá tiwa sílẹ̀ ní 1961. Ó kó láti Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. A sì fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é ní 1987. Ta ni kò fẹ́ kí ọmọ òun gba oyè níbẹ̀? Èmi kò bá oyè yunifásítì jà. Ohun tí mo wá bá jà ni àṣà tí ó wí pé ẹni tí kò ní oyè náà, bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó, ẹ̀yìn ni kí ó máa tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀. Ní 1934, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ti Yaba ní Èkó. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀ kì í ṣe oyè yunifásítì. Nàìjíríà nìkan ni ó ti níyì, ipò ọmọ-ẹ̀yìn lábẹ́ òyìnbó ni wọ́n sì là sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá gbà á. Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya, Dókítà J. C. Vaughan àti H. O. Davies kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀, èyí tí ó di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní 1936. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ìjà lórí ìwé-ẹ̀rí wà lára ohun tí ó bí ìjà òmìnira ilẹ̀ wa.

Òyìnbó ti gbé ìjọba sílẹ̀ láti 1960. Ta ni ó wá ń bá ìwà náà lọ? Àwa fúnra wa ni.

Ẹ wo ọmọ méjì tí wọ́n jọ jáde ní ilé-ìwé gíga kan náà. Ọ̀kan lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì; ọdún márùn-ún ni yóò lò. Èkejì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ẹdẹ ní 1992. Yóò fi ọdún méjì gba OND, yóò lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, yóò sì fi ọdún méjì mìíràn gba HND. Márùn-ún náà ni. Ìjọba pe àwọn méjèèjì láti wá ṣe àgùnbánirọ̀. Aṣọ kákí kan náà ni wọ́n wọ̀, owó oṣù kan náà ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá bọ́ kákí náà ni ọ̀nà wọn yà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni pé ẹni tí ó ní HND kò gbọdọ̀ kọjá ìpele 14, nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ lè gùn dé ìpele 17, èyí tí í ṣe ipò olùdarí. Bí ó bá sì fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú ìwé, wọn yóò ní kí ó kọ́kọ́ lọ gba ìwé-ẹ̀rí mìíràn kún un.

Àwọn kan yóò wí pé ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni ó há jù, àti pé ìmọ̀ ìwé rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dán àwọn méjèèjì wò nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, kí iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn sí gbogbo ayé, kí a tún máa fi ìwé tí ó gbà ní ọmọdé dí i lọ́nà, ìyẹn kì í ṣe ìdánwò mọ́, ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ohun tí mo ń wí. Nígbà tí ẹ bá gbé kòkó yín lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ìjọba yàn láti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í béèrè oko ta ni ó ti wá. A fi ọ̀bẹ la èso rẹ̀, a wo inú rẹ̀, a sì ka èyí tí ó bu àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Ohun tí ó wà nínú kòkó ni ó ń sọ iye rẹ̀. Ṣé ọmọ ènìyàn kò wá tó kòkó ni?

Àwọn tí a kọ́ àṣà yìí lọ́dọ̀ wọn pàápàá ti yí padà. Ní 1992, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tirẹ̀ ní àyè láti di yunifásítì. Ní Jámánì, ipele kẹfà ni wọ́n to ìwé-ẹ̀rí ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́ sí, níbi tí wọ́n to oyè àkọ́kọ́ ti yunifásítì sí.

Kò tilẹ̀ yẹ kí ọmọ Ifẹ̀ fi ojú kékeré wo iṣẹ́-ọwọ́. Àwọn orí tí a wú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tí aráyé ń wò tí ẹnu ń yà wọ́n, ta ni ó rọ wọ́n? Àwọn baba wa tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá wọn ni.

Bí ó ti wù kí ó rí, n kò ní tàn yín. Títí ayé yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe, ìwé ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń kọ́ iṣẹ́ wáyà iná tàbí iṣẹ́ jíjó irin lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó parí sí ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe ìdánwò iṣẹ́-ọwọ́ ti ìjọba, tàbí ti NABTEB, tí a dá sílẹ̀ ní 1992, kí ìwé lè jẹ́rìí sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Kí ẹ tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ẹ wọ inú ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ fi ojú yín rí i bóyá ẹ̀rọ wà níbẹ̀, bóyá ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé lẹ́yìn tí ètò ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 1982, inú àpótí ni àwọn ẹ̀rọ tí ìjọba rà wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé títí wọ́n fi dípẹtà. Bí ọmọ yín bá sì ti wà ní yunifásítì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fojú di iṣẹ́-ọwọ́: láti 2012 ni a ti ń kọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ ní iṣẹ́-ọwọ́ ní àgọ́, nítorí oyè nìkan kò tó í jẹun mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ wa nìyí. Ní 2021, àwọn aṣòfin àgbà ní Abuja fọwọ́ sí àbá òfin tí yóò mú ìyàtọ̀ láàárín HND àti oyè yunifásítì kúrò. Àbá kì í gbé ènìyàn dé ìpele 17. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe kí òfin náà lè di ohun tí a ń rí nínú gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba, ní Abuja àti ní ìpínlẹ̀ wa. Bí kò bá ní èsì, kí ẹ̀yin náà má ṣe ní ìbò fún un.

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Orí kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò fẹ́ ọwọ́. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò fẹ́ orí. Kòkó kan náà ni a tà láti rán àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé. Àkàbà kan náà ni kí wọ́n gùn.

 Kí ilé ó san wá, kí ọ̀nà ó san àwọn ọmọ wa.