Oṣù Ọyẹ́ Nínú Ilé Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá Ìjọ sọ ní ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún

 

Nígbà tí àwọn àgbà Ìjọ ní kí àwa tọkọtaya wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní irú ọjọ́ ńlá báyìí, ẹnu yà wá. A kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe òpìtàn. Àwọn tí ó mọ ìtàn yóò sọ ti àwọn tí ó kọ́kọ́ mú Ìhìnrere dé ilẹ̀ yìí, àti ti àwọn tí ó fi orí ru pákó àti yẹ̀pẹ̀ láti kọ́ ilé Ọlọ́run. Ohun tí àwa mọ̀ ni ilé tiwa, iyàrá méjì àti ilé ìdáná kan, àti ọmọ méjì tí Olúwa fi ta wá lọ́rẹ: ẹ̀gbọ́n tí í ṣe obìnrin, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní àkókò tí à ń sọ yìí, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì pé ọdún méjì. Nítorí náà, oṣù kan ṣoṣo nínú ilé wa ni a ó rò fún yín, èyíinì ni oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Nítorí a gbà pé bí Ìjọ kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, kì í ṣe ògiri nìkan ni ó gbé e dé ibẹ̀, bí kò ṣe àwọn ọmọ tí a tọ́ láti ọyẹ́ kan dé ọyẹ́ kejì, títí wọ́n fi dàgbà tí àwọn náà sì gbé ọmọ tiwọn wá síbi ìsàmì.

Gbogbo wa ni a mọ ọyẹ́ ní ara, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni a mọ ibi tí ó ti wá. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí ojú ọ̀run sọ pé láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń fẹ́, láti inú aṣálẹ̀ Sàhárà, àti pé púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ni ó ń dìde láti ilẹ̀ kòtò kan tí à ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, níbi tí adágún omi ńlá kan wà rí ní ayé àtijọ́ kí ó tó gbẹ. Eruku adágún náà ni ó ń rìn ìrìn-àjò títí tí ó fi ń bà lé orí tábìlì wa. Bí oṣù Kọkànlá bá ń parí lọ ni ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa, kì í sì í tètè lọ. Àwọn ará wa tí ń gbé ní Èkó lè rí i fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀ kí atẹ́gùn òkun tó lé e. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn ni ti wa, láti Ìṣẹ́yìn dé Òkèhò, láti Ìgànná dé Ṣakí, kò sí igbó kìjikìji tí yóò dá a dúró. Òru a tutù, ọ̀sán a gbóná. Ètè a bẹ́, gìgísẹ̀ a là, odò a fà, koríko a sì gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣáná kan ṣoṣo fi lè jó oko ẹni mẹ́wàá.

Síbẹ̀, ọyẹ́ kò burú tán. Òun ni ó ń bá wa gbẹ ọkà bàbà lórí igi rẹ̀, òun náà ni ó sì ń bá wa ṣe èlùbọ́. Ẹ̀yin ìyá mọ iṣẹ́ náà jù wá lọ. A óò bó iṣu, a óò bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a óò jẹ́ kí ó sùn sínú omi náà di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn èyí ni a óò sá a. Ní ìgbà òjò, ó lè bàjẹ́ kí ó tó gbẹ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ọyẹ́, ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi ń gbẹ ganrangan, tí ó sì ń di gbodo tí a lè tọ́jú tàbí kí a lọ̀. Owó èlùbọ́ yìí ni ó ń ra ìwé ọmọ, òun ni ó ń ra aṣọ ọdún, òun náà ni a sì ń mú wá sí ilé Ọlọ́run fún ọpẹ́.

Ẹ wá wo bí oṣù kan ṣoṣo ti rí. Oṣù tí a ní láti sá iṣu ni oṣù tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò ní ilé-ìwé. Oṣù tí omi kànga ń lọ sílẹ̀ ni oṣù tí aṣọ ń dọ̀tí jù. Oṣù tí ọkà bàbà ń dúró de dòjé ni oṣù tí akọrin ń ṣe ìgbáradì ní alaalẹ́, tí àwọn ará ilé sì ń ti Ìbàdàn àti Èkó bọ̀ wálé, tí a ní láti wá ẹní fún wọn. Kò sí èyí tí ó lè dúró de èkejì nínú gbogbo wọn.

Ní ilé tiwa, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni ìyá àwọn ọmọ ti dìde láti dá iná. Bàbá wọn a gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí kànga, níbi tí ogún ènìyàn ti wà níwájú rẹ̀. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìjà a bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ọmọdé tí í fẹ́ bọ́ aṣọ ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n a sá sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, àbúrò a sì sá tẹ̀lé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. A ó mú wọn, a ó wẹ̀ wọ́n, a ó fi òrí pa wọ́n ní ètè àti ní gìgísẹ̀, a ó sì wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù fún wọn. Bí oòrùn bá sì mú ní ọ̀sán, wọ́n a bọ́ gbogbo rẹ̀ dànù sí agbo ilé.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, a yan ẹ̀gbọ́n láti ṣe olùṣọ́-àgùntàn nínú eré ìbí Olúwa. Gbólóhùn kan péré ni ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ di alẹ́ ni ó ń sọ ọ́. A fi í ṣọ́ iṣu tí a sá. Ó sì mú ọ̀pá rẹ̀, ó sọ àwọn ewúrẹ́ àdúgbò di agbo ẹran Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ó ń bá wọn sọ gbólóhùn náà kí ó tó lé wọn. Àbúrò rẹ̀ a tẹ̀lé e lẹ́yìn, a máa pe ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn gbólóhùn náà, nítorí kò tíì lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ni àbúrò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́. A ní, "Ọyẹ́ ni." Ta ni kì í wú ikọ́ ní ìgbà ọyẹ́? Kí òtútù má baà mú un, a tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, a sì ti ìlẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ ti jí lọ sí oko kí ojúmọ́ tó mọ́. Ìyá rẹ̀ ní iṣu tí kò gbọdọ̀ bàjẹ́ sínú omi. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà dákẹ́. Kò sá fún omi mọ́, kò tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Inú wa tilẹ̀ dùn pé ó jẹ́ kí a ráyè ṣiṣẹ́. Kí Ọlọ́run dárí ọ̀rọ̀ yìí jì wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá àgbà wá kí wa. Kò jókòó. Ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó wo àyà rẹ̀, ó sì bi wá pé, "Ta ni ó ń wo ọmọ yìí?"

Ẹ̀yin ará, bàbá wo ìyá, ìyá sì wo bàbá. Èkínní rò pé èkejì ń wò ó. Èkejì rò pé èkínní ti rí i. Àwa méjèèjì wà nínú ilé kan náà, a sì fi ọmọ sílẹ̀ láàárín wa bí ẹrù tí olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì òun ni ó rù ú.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ náà lórí alùpùpù, ìyá dì í mọ́ àyà, eruku ń fọ́ wa lójú. Nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀ kò tíì mú oògùn kankan tí ó fi wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń ka bí ọmọ náà ti ń mí. Ó kà á dé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta (56) láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó wá kọ́ wa ní ohun tí gbogbo òbí ì bá mọ̀: pé bí ọmọ tí ó ti pé ọdún kan, tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, bá ń wú ikọ́, tí ó sì ń mí ní ìgbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ọmọ tí ó ti pé oṣù méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún kan bá ń mí ní ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò gbọdọ̀ pè é ní ikọ́ ọyẹ́ mọ́, ó lè jẹ́ òtútù àyà, àrùn tí ó ń pa ọmọdé. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá sì ń wọnú nígbà tí ó ń fa èémí, tàbí tí kò lè mu ọmú tàbí omi, kí a má ṣe dúró di òwúrọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ibi tí ọmọ ń sùn. Nígbà tí a sọ fún un, ó mi orí. Ó ní ohun tí a pè ní ìtọ́jú ni ó dá kún àìsàn náà, nítorí èéfín igi nínú ilé tí a tì pa kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé rí ìsinmi.

Òru mẹ́ta ni a sùn níbẹ̀. Ní àkókò náà ni a wá mọ ìtumọ̀ Ìjọ. Àwọn ìyá kan kó iṣu wa tí ó wà nínú omi, wọ́n bá wa sá a, wọ́n sì bá wa kó o nígbà tí ó gbẹ. Bàbá àgbàlagbà kan, tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ọ̀pá rìn, jókòó ti ewúrẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ilé kan gba ẹ̀gbọ́n sọ́dọ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń gbọ́ gbólóhùn rẹ̀ ní alaalẹ́ kí ó má baà gbàgbé. Àwọn baba wa kò parọ́ nígbà tí wọ́n ní ẹnìkan ní ń bí ọmọ, igba ènìyàn ní ń bá a wò ó.

Ní alẹ́ eré, àbúrò ti padà sílé, ó rù, ṣùgbọ́n ó ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ kò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta; nítorí náà bàbá rẹ̀ fi ọ̀já pọ̀n ọ́n wá sí ilé Ọlọ́run. Àwọn ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. A kò bínú, nítorí a ti kọ́ ẹ̀kọ́ tiwa. Nígbà tí ó kan ẹ̀gbọ́n, ó dúró pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì fò ó lórí. Gbogbo ilé dákẹ́. Nígbà náà ni ohùn kékeré kan ti ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ dìde, ó pe ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn gbólóhùn náà. Ẹ̀gbọ́n rántí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ já geere. Àwọn tí ó rẹ́rìn-ín ṣáájú wà lára àwọn tí ó nu ojú.

Ẹ̀yin ará, irú ìṣọ́ra yìí kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Láàárín ọdún 1956 àti 1961, oníṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley, láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ṣe iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó rí i pé dídúró de ọmọ títí àìsàn yóò fi dá a dùbúlẹ̀ kò tó. Ó ní kí a máa wọn ọmọ nígbà tí ara rẹ̀ le, kí a sì fi ìwé ìwọ̀n náà sí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Láti ìlú kékeré náà ni irú ìwé yìí ti tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Ní ayé ìgbà náà, ọmọ púpọ̀ ni èéyi ń gbé lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lónìí, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, a sì tún ń fún un lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún.

Nítorí náà, bí a ti ń wọ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín. Èkínní, kí tọkọtaya máa fi ẹnu ara wọn bi ara wọn ní alaalẹ́ oṣù ọyẹ́ pé, "Ta ni ó wo ọmọ lónìí?" Bí kò bá sí ẹni tí ó lè dáhùn, kí àwọn méjèèjì dìde. Èkejì, kí a má ṣe mú ọmọ sùn ti èéfín. Aṣọ gbígbẹ àti ara òbí ni ó ń mú ọmọ móoru. Ẹ̀kẹta, kí Ìjọ má ṣe dúró kí àìsàn tó dé kí ó tó mọ ilé tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà. Ẹni tí ó lè pọn kẹ́ẹ̀gì omi kan, kí ó pọn ọ́n. Ẹni tí ó lè ṣọ́ ewúrẹ́, kí ó ṣọ́ ọ.

A kò gbàgbé pé Olúwa wa pẹ̀lú jẹ́ ọmọ ọwọ́ rí, tí a gbé sá lọ sí Íjíbítì ní òru, àti pé Jósẹ́fù kò sọ pé iṣẹ́ Màríà ni. Ó dìde. Kí Ọlọ́run fún olúkúlùkù bàbá àti ìyá nínú Ìjọ yìí ní ọkàn tí ń tètè dìde, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ń sá fún omi wẹ́wẹ̀ lónìí wà láyé láti ròyìn wa fún àwọn tí yóò ṣe ọdún igba.

 Kí Olúwa bùkún fún gbogbo wa. Àmín.