Dọ́sìn Kan, Mélòó Ni?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe àjèjì. Ẹni tó bá ń ná ọjà Ìkàrẹ́ ti gbọ́ ọ rí. Ọ̀rọ̀ náà ni dọ́sìn.

Bí a bá fẹ́ ra bíró, ìwé ọmọ iléèwé tàbí ṣíbí lọ́pọ̀, dọ́sìn-dọ́sìn ni wọ́n ń tà á. Mélòó ni dọ́sìn kan? Méjìlá ni. Kì í ṣe mẹ́wàá, kì í sì í ṣe mọ́kànlá.

Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá? Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló mú un dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n òun náà yá a ni. Ní ọdún 1066, àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì jọba níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé wá wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, dọ́sìn sì wà lára wọn. Faransé pàápàá jogún rẹ̀ láti inú èdè Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ní Látìnì, duo ni èjì, decem ni ẹ̀wá. Wọ́n so ó pọ̀, ó di duodecim: èjì àti ẹ̀wá.

Ẹ wá wo tiwa. Kí ni méjìlá? Èjì lé ní ẹ̀wá ni. Twelve tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ńkọ́? Ìtumọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́ ni pé a ka ẹ̀wá tán, ó ku méjì. Ṣé ẹ rí i? Ìka mẹ́wàá ni Ọlọ́run fún gbogbo wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìṣirò kì í ṣe ti bàbá òun.

Kí ló dé tí àwọn oníṣòwò fi fẹ́ràn méjìlá? Nítorí pé ó rọrùn láti pín. Ènìyàn méjì lè pín in, mẹ́ta lè pín in, mẹ́rin lè pín in, mẹ́fà náà lè pín in, kò ní sí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ fi mẹ́wàá fún ènìyàn mẹ́ta, ọ̀kan yóò ṣẹ́kù. Kí náírà tó dé ní ọdún 1973, kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan. Sísì méjì ni, tọ́rọ̀ mẹ́rin sì ni.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́tàlá ni dọ́sìn àwọn oníbúrẹ́dì. Òfin búrẹ́dì wọn láyé àtijọ́ le: ìyà ń bẹ fún ẹni tí búrẹ́dì rẹ̀ kò bá wúwo tó. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọ̀kan lé e. Àwa náà mọ̀ ọ́n: ènì ni. Ènì a máa mú ọjà pọ̀ sí i, kì í dín in kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. A ti rí ìdì tí wọ́n pè ní dọ́sìn, nígbà tí a tú u, mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ká ní ìyá kan wá láti Ọ̀kà, ó ra dọ́sìn bíró kan ní ₦2,400 ní Ìkàrẹ́. Ó rò pé ₦200 ni ọ̀kan, ó sì ń tà á ní ₦220. Bí ó bá pé méjìlá, yóò pa ₦2,640. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦240. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá, ₦2,200 péré ni yóò pa. Ìyá wa ti pàdánù ₦200, ó sì rò pé òun ń jèrè!

Nítorí náà, ẹ tú ìdì, kí ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ní èdè wa, kíkà là ń ka ìwé, kíkà náà là ń ka owó. Ẹni tó mọ ọ̀kan, kó má fi èkejì sílẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe
1. Mélòó ni dọ́sìn mẹ́ta?
2. Dọ́sìn ṣíbí kan jẹ́ ₦3,600. Èló ni ṣíbí kan?