Kí Ọmọ Òrukàn Má Baà Pọ̀ Sí I


Bí a bá bi àwọn opó tí à ń fún ní sàká léèrè ohun tó pa ọkọ wọn, ọ̀pọ̀ a ní: “Ó kàn ṣubú ni.” Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn. Ẹ lọ yẹ ìfúnpá yín wò. Bó bá ń wọ 140/90 léraléra, ẹ rí dókítà. Iyọ̀ òòjọ́ kò yẹ kó tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan, àti ti inú amọ́bẹ̀dùn. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Èéfín igi ìdáná náà ń ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni tó bá ra sítóòfù gáàsì fún opó, sàárà ńlá ló ṣe.

Títọ́ ọmọ òrukàn ní láádá. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń ṣọ́ ara rẹ̀, ọmọ tirẹ̀ ló ń tọ́jú. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.