Òkè Shere àti Àwa Tí A Ń Gbé Ẹ̀gbẹ́ Rẹ̀



Bí a bá jí jáde ní Jos yìí tí a kọjú sí ìlà-oòrùn, òkè Shere ni a ń rí. Gíga rẹ̀ tó mítà 1,829. Adágún omi Lamingo, tí a ń mu omi rẹ̀ nígboro, wà ní ẹsẹ̀ òkè náà. Fobur àti Angware wà ní agbègbè rẹ̀, ilẹ̀ àwọn Afizere. Níhà gúúsù ni Bukuru, Vom àti Barkin Ladi wà, níbi tí wọ́n ti wa kùsà.

Kùsà yìí ni ó mú àwọn bàbá wa wá. Reluwé kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914, ọ̀nà reluwé ńlá sì dé Jos ní 1927. Àwọn ará Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú àwọn tí ó bá a wá ṣòwò. (Òtútù ni ó kọ́ wọn ní kóòtù wíwọ̀, àwọn ará ilé sì ń fi kóòtù náà ṣe wá yẹ̀yẹ́ títí di òní.)

Iye kùsà já lulẹ̀ ní 1985. Iṣẹ́ lọ, kòtò kò lọ. Omi kún inú wọn. A kò ní ṣe aláìmoore: omi yìí ni àgbẹ̀ ń bù rin pòtétò, tòmátì àti kábéèjì lẹ́ẹ̀rùn, tí àwọn ìyá wa ń kó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó.

Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ omi kò yọ, ọmọ wa kan gbé korobá lọ sí kòtò kan lẹ́bàá Bukuru. Kò padà. Àwọn ọ̀dọ́ Berom ni ó bá wa wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀kan nínú wọn ni ó wọ omi lọ gbé e jáde. Ẹ rántí pé lẹ́yìn ìjà 2001 àti 2008 ni èyí, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní a kò tún lè bára wa jókòó mọ́.

Nítorí náà, a ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó gbọ̀ngàn tí a ń dá lónìí, kí a fi sọ ọgbà yí kòtò náà ká. Ọgbà oró, irú èyí tí àwọn onílẹ̀ fi ń yí agbo ilé wọn ká, ti tó. Àwọn kan yóò ní ilé ni kí owó lọ. A gbọ́. Ó ti ń lọ sílé láti ayé àwọn bàbá wa. Kọ́bọ̀ kan kò tíì lọ sí ibi tí ọmọ yẹn kú sí.

Àwọn onílẹ̀ ti gbà láti gé oró fún wa. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀ ni a ó gbìn ín, kí òjò tó dá. Kí olúkúlùkù mú ọkọ́ wá.